Bí a ṣe ń to ìrìn àjò ìsinmi sí ìlú mẹ́rin ní Ítálì

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ìsinmi rẹ̀ ní ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lókè òkun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti orí orúkọ ìlú: Róòmù, Florence, Venice, Milan, bóyá kí ó tún fi Paris kún un nítorí pé kò jìnnà lójú máàpù. Ibẹ̀ gan-an ni ètò ti máa ń dàrú. Iye òru tí ẹ ó sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka ìlú. Ìdí ni pé ìgbàkígbà tí ẹ bá kó ẹrù kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ìdajì ọjọ́ ti lọ: ẹ ó di ẹrù, ẹ ó dá kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì padà, ẹ ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ ó wọkọ̀, ẹ ó sì tún wá òtẹ́ẹ̀lì tuntun, níbi tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ wọ yàrá títí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń sáré bí ẹ̀fúùfù, ìdajì ọjọ́ yẹn kò ní padà.

Nítorí náà, ìlú tí ẹ kò bá lè sùn fún òru méjì, ó kéré tán, kò yẹ ní ibi tí ẹ ó gbé ẹrù lọ. Ẹ sùn sí ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ẹ lọ wò ó láàárọ̀, kí ẹ sì padà nírọ̀lẹ́. Fún òru mẹ́wàá, ìlú mẹ́rin ni òpin. Mẹ́ta sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà nínú yín. Àpẹẹrẹ tí n ó lò níbí ni òru mẹ́wàá ní Ítálì: méjì ní Venice, mẹ́ta ní Florence, méjì ní Naples, mẹ́ta ní Róòmù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ Milan sílẹ̀ ni. Ìlú aṣọ àti ìlú okòwò ni, àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń fún èèyàn láti wo àwòrán náà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a sì máa tán tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ tó kò. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá rí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rà lè fi Milan sílẹ̀ di ìgbà mìíràn láìkábàámọ̀.

Ìlú tí ẹ ó kọ́kọ́ dé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn mìíràn a gba Róòmù wọlé, wọn a sì gba Venice jáde. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dé Venice, kí ẹ sì wọ bàálù padà sílé láti Róòmù. Ọ̀rọ̀ ẹrù ló fà á. Kò sí mọ́tò nínú Venice àtijọ́, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́; ọkọ̀ ojú omi àti ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlú ń lò. Bí ẹ bá ṣe ń jáde ní ibùdókọ̀ Santa Lucia ni ẹ ó rí omi Grand Canal níwájú yín, Afárá Scalzi a sì wà lọ́wọ́ òsì, tòun ti àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè kankan. Àpótí onítáyà kò ní ìwúlò níbẹ̀: ẹ ó fọwọ́ gbé e gòkè, ẹ ó fọwọ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ ní òdìkejì, ẹ sì tún lè bá afárá kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta pàdé kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì. Àpótí tí aṣọ ọ̀sẹ̀ kan nìkan wà nínú rẹ̀ ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ ti ki bàtà, báàgì aláwọ ti Florence àti ẹ̀bùn àwọn ará ilé sí kò ṣeé gbé, gbogbo wa la sì mọ bí ẹrù wa ṣe máa ń rí nígbà tí a bá ń padà bọ̀.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó balẹ̀ sí ìlú kan tí ó sì gbéra láti ìlú mìíràn. Lórí ìkànnì àwọn ilé iṣẹ́ bàálù, ibi tí wọ́n kọ “multi-city” sí ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má ṣe ra ti àlọ lọ́tọ̀ kí ẹ tún ra ti àbọ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju kí a rà wọ́n pọ̀ lọ. Láti Èkó, ẹ lè pààrọ̀ bàálù ní Istanbul, Frankfurt tàbí Paris kí ẹ sì bọ́ sí Venice. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àlọ àti àbọ̀ sí ìlú kan ṣoṣo lọ, ẹ rántí pé ẹni tí ó bá gba Venice wọlé tí ó sì gbọ́dọ̀ tún gba Venice jáde yóò jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin fún bíi wákàtí mẹ́rin láti Róòmù, yóò sì tún san owó òtẹ́ẹ̀lì òru kan sí i.

Ẹ sùn sínú Venice fúnra rẹ̀ bí agbára bá gbé e. Òtẹ́ẹ̀lì Mestre, tí ó wà ní òdìkejì omi, dínwó gan-an, ṣùgbọ́n alẹ́ àti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí èrò ọ̀sán bá ti túká, ni ìlú náà dùn jù. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọ̀lú, yúrò 5 ó kéré tán, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wá fún ọ̀sán nìkan ní àwọn ọjọ́ kan láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje. Ẹni tí ó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ kì í san án, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó sì gba nọ́ńbà ìdásílẹ̀.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ó ń darí ètò

Ohun tí ọ̀pọ̀ ètò kì í rò ni pé ibi tí èèyàn torí rẹ̀ rìnrìn àjò ní ọjọ́ tí ó máa ń ti ilẹ̀kùn. Ní Florence, Uffizi, ilé àwòrán ńlá ibẹ̀, àti Accademia, níbi tí ère Dáfídì ti Michelangelo wà, kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Naples, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wú jáde ní Pompeii sí, kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ti Vatican, ibùjókòó Póòpù ní Róòmù, kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, àyàfi ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, nígbà tí wọ́n máa ń ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ tí èrò a sì pọ̀ débi pé n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ.

Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ náà kí a wò ó. Bí ẹ bá gbéra ní Èkó ní alẹ́ Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ó dé Venice. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ohunkóhun fún ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹun, ẹ rìn, ẹ sùn. Ọjọ́ Ẹtì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì San Marco àti ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Murano tàbí Burano. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré lọ sí Florence, ìrìn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Santa Maria Novella, kì í ṣe Campo di Marte tàbí Rifredi, tí orúkọ Firenze, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe Florence, wà lára tiwọn náà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ti ère Dáfídì. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ti Uffizi. Ọjọ́ Ajé tí ilẹ̀kùn ti tì ni ẹ ó fi lọ sí Pisa, tí kò ju bíi wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó sì padà wá sùn sí Florence láìgbé àpótí kankan. Ẹ wò ó, ọjọ́ tí ìbá ṣòfò ti di ọjọ́ ìlú kan sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ ó lọ sí Naples, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta, tí ó gùn jù nínú gbogbo ìrìn yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn tì lọ́jọ́ náà, èyí kò sì dun ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí pé Naples ni ìlú pizza; ẹ fi ìrọ̀lẹ́ jẹun. Ọjọ́rú ni ti Pompeii, ìlú tí òkè Vesuvius fi eérú bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Ọkọ̀ ojú irin Circumvesuviana ni ẹ ó wọ̀, ó máa ń kún fọ́fọ́, nítorí náà kí àpò àti fóònù wà níwájú yín. Ibùdókọ̀ tí ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ ni Pompei Scavi – Villa dei Misteri, tí ẹnu ọ̀nà àwókù Pompeii kò jìnnà sí i rárá. Kò sí ibòji tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òkúta gbágungbàgun, bàtà gíga kò lè rìn ín. Ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Naples ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Róòmù ní ọ̀sán. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Vatican bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, Colosseum, pápá ìran àtijọ́ ti Róòmù, àti àwókù Forum, ojúde ìlú àtijọ́ náà, bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú sì di ti ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wà níbi ìpàdé gbogbogbòò tí Póòpù máa ń ṣe ní Ọjọ́rú yóò ní láti to ètò yìí padà, nítorí pé Pompeii ni ó gba ọjọ́ náà níbí.

Ohun ńlá kan ṣoṣo ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó sì jẹ́ ti òwúrọ̀, àyàfi ọjọ́ tí ẹ bá ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti àwòrán máa ń sú èèyàn, bó ti wù kí wọ́n lẹ́wà tó. Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn 463 ti òrùlé ribiti tí Brunelleschi kọ́ sórí kàtídírà Florence láàárọ̀, ẹ má tún fi ọ̀sán dúró lórí ìlà níbòmíràn. Fún ìdílé tí ó ní ọmọdé, n ó yọ Naples kúrò, n ó fi òru kan kún Florence, n ó sì fi ìkejì kún Róòmù. Ẹ ṣì lè lọ sí Pompeii láti Róòmù kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà, bí ẹ bá tètè jí.

Ní ti ìgbà, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún àti ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára jù. Oṣù kẹjọ gbóná, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àwọn ará ìlú a sì tì ní àyíká ọjọ́ 15, tí í ṣe ọjọ́ ọdún Ferragosto.

Ìwé àti owó

Kí ẹ tó san owó tí kò ṣeé gbà padà, ẹ kọ́kọ́ gba físà. Ọkọ̀ ojú irin Trenitalia àti Italo máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ó tètè rà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ́ọ́kú jù ni wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ fi tọrọ físà. Kí ọjọ́ orí ìwé wọn so pọ̀ láìsí òru kan tí ó já sílẹ̀ láàárín, kí ó sì bá ti bàálù mu. Fún ẹni tí ó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìbáà máa gbé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, físà Schengen, èyí tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, pọn dandan. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ìwé adójútòfò ìrìn àjò yín sì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Wọ́n ń gba ìwé ìtọrọ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò títí di ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ 15 ń fi ìsinmi rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, nítorí pé wọ́n lè lò tó ọjọ́ 45 kí wọ́n tó dáhùn. Bí ẹ bá fi Paris kún Ítálì, orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tí ó pọ̀ jù ni ẹ ó ti tọrọ físà. Bí ọjọ́ wọn bá dọ́gba, ti èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni.

Lẹ́yìn tí físà bá ti bọ́ sọ́wọ́, ẹ ra Colosseum àti Vatican kí ẹ tó ra ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé àwọn ni wọ́n tètè máa ń tán. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Ẹ tún fi owó díẹ̀ sápò fún owó orí àlejò tí òtẹ́ẹ̀lì ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà lórí olúkúlùkù ní òru kọ̀ọ̀kan. Kì í sábà wà nínú owó tí ẹ ti san lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express ń gbéni láti ibùdókọ̀ Termini ní Róòmù dé pápákọ̀ òfurufú Fiumicino ní ìṣẹ́jú 32, yúrò 14 ni. Ẹni tí kò gbé ní orílẹ̀-èdè kankan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) tí ó sì ra ọjà tí ó ju yúrò 70 lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lè gba owó orí ọjà náà padà, bí ó bá ti fi páásípọ́ọ̀tù béèrè fún ìwé rẹ̀ níbi tí ó ti rà á. Àwọn aṣọ́bodè lè ní kí ẹ fi ọjà náà hàn wọ́n, nítorí náà ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì parí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn kí ẹ tó fa àpótí lé ilé iṣẹ́ bàálù lọ́wọ́.