Bí a ṣe ń ra ọkọ̀ ọlọ́lá àlòkù tí yóò níyì lọ́la

Irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì mọ àìsàn rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Lexus LS 400 tó kọ́kọ́ jáde ní 1989, ọ́ìlì sítíárìn rẹ̀ a máa jò sórí ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì. BMW E38 (irú 7 Series ti 1994 sí 2001), ike ara rédíétọ̀ ló máa ń sán. Mercedes W124 (E-Class) àti W140 (S-Class) ti nǹkan bí 1992 sí 1995, rọ́bà tó bo wáyà ẹ́ńjìnnì a máa rún bí ewé gbígbẹ. Èyí tí wọ́n ti tún irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe, tí rìsíìtì rẹ̀ wà, ni kí ẹ máa wá.

Èmi kì í lọ wo ọkọ̀ tí n kò tíì rí ìwé rẹ̀. Mo máa ń to rìsíìtì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, kí n wá kọ iye ìrìn tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnì kan ti fọwọ́ kan aago. Ẹ pa ìwé náà dé. Ọkọ̀ tó ti rìn gan-an tí ìwé rẹ̀ pé sàn ju èyí tó wà lójú kan fún ọdún 10, torí rọ́bà á gbẹ, bíréèkì á há.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń jìn sí kòtò nìyí: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ ti sọ fún olówó ọkọ̀ lálẹ́ àná pé kó má ṣíná rẹ̀. Bí ẹ bá ti dé, kí ẹ tó kí ara yín tán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ padà wá lọ́la. Ẹ má gba àwáwí kankan.

Mo sin ọ̀rẹ́ mi kan lọ rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, ẹni tó ń tà á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ fọ̀ ni. Ojú ti ọ̀rẹ́ mi láti padà, ó sanwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì náà ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, èéfín búlúù bo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé n kò fà á lápá.

Kí ẹ tó ṣíná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn. Iná ẹ́ńjìnnì, ti ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) àti ti airbag, bí ọkọ̀ náà bá ní wọn, gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò tàn rárá ló ń bà mí lẹ́rù jù: wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Èéfín funfun tó pòórá láìpẹ́ kò léwu. Bí kò bá tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi rédíétọ̀ ló ń wọ ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó wọ́n. Òòfà kékeré tí a fi aṣọ wé tó mi. Ẹ máa fà á lọ létí táyà àti lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, bí kì í bá ṣe ike, pọ́tì ni wọ́n fi dí ìpẹtà. (Audi A8 ti 1994 yàtọ̀: alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ojú ni kí ẹ lò níbẹ̀.)

Ẹ wà á lórí títì, kí ẹ wá dúnàá dúrà. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín, ẹ má fi kan ọkọ̀ náà. Ti àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́ ni, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ti gíà àti omi rédíétọ̀, bí olówó ọkọ̀ tilẹ̀ búra pé òun ti ṣe é, kí ẹ sì fi rìsíìtì tiyín lé orí ti àtijọ́.