Kúrọ́ọ̀sì ṣáàfù já mọ́ wa lọ́wọ́ nínú oko

Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe ariwo síláṣà, ẹ̀rọ agékoríko tí katakata ń fà, nígbà tó bá kọlu kùkùté, ìyẹn a máa dún gbì lẹ́ẹ̀kan, á sì tán. Èyí ń dún bíi pé ẹnì kan ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì, ó ń yára sí i, kí ẹsẹ̀ mi sì tó kan kílọ́ọ̀ṣì, ó dún gbàù, irin kan fò kọjá lẹ́bàá táyà ọ̀tún, ó bọ́ sínú koríko. Katakata ṣì ń lọ, àmọ́ koríko tó wà lẹ́yìn wa dúró ṣánṣán, kò gé mọ́.

Oko náà wà láàárín Tedé sí Àgọ́-Àrẹ, ní Òkè-Ògùn. Éékà 12 la gbà láti gé, a ti gé 7. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ni oko sì ti bá onípúlàù sọ ọ́ pé kó wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú la wà yẹn, oòrùn ti ń yí sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Àgbàdo ni wọ́n fẹ́ gbìn, owó irúgbìn àti ajílẹ̀ sì ti jáde lápò onítọ̀hún. Ìdí tí mi ò fi lè sọ fún un pé kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Mo fa ọwọ́ PTO, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí síláṣà, sílẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi í sápò. Ọmọ iṣẹ́ mi, tó ń wa katakata yẹn lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nílé, ti fẹ́ sáré lọ sẹ́yìn. Mo ní kó dúró. Nígbà tí ṣáàfù ti já, kò sí ohun tó ń dá abẹ síláṣà dúró mọ́, ó lè máa yí fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. A dúró títí gbogbo nǹkan fi pa lọ́lọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan náà ṣe rí: lẹ́yìn Massey Ferguson 375 tí à ń lò, irin kan yọ jáde tó ní eyín 6, òun là ń pè ní PTO. Ṣáàfù ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì síláṣà. Ìgbà 540 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Síláṣà ń gòkè, ó ń sọ̀, bí ilẹ̀ bá ṣe rí, nítorí náà ṣáàfù gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ bí ọrùn ọwọ́. Kúrọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ kó tẹ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí àgbélébùú ni. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé fìlà irin, abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ tò yí i ká nínú fìlà, gírísì wà láàárín wọn. Fìlà yìí ló wọ inú ihò etí ṣáàfù, ìyẹn irin méjì tó yọ síta ní ìpẹ̀kun rẹ̀, òrùka irin tín-ínrín kan tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, tí àwa ń pè ní lọ́ọ̀kì, ló sì dá a dúró kó má bàa fò jáde.

Lọ́ọ̀kì kan ló ti ṣẹ́. Fìlà rẹ̀ fò lọ, àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà táyà. Nígbà tí a rí fìlà náà nínú koríko, ó ti là láti ẹnu dé ìdí.

Kí n tó mú sípánà kankan, mo lọ wo bóòtù ìdí ṣáàfù, níbi tó ti wọ gíábọ́ọ̀sì síláṣà. Bóòtù yẹn, ńṣe ni wọ́n fi síbẹ̀ kó lè já. Bí abẹ bá kọlu kùkùté tàbí òkúta, òun ló yẹ kó kú kí ṣáàfù, kúrọ́ọ̀sì, gíábọ́ọ̀sì àti katakata fúnra rẹ̀ lè yè. Irin rírọ̀, tí wọ́n kọ 4.6 sí lórí, ni ti síláṣà wa. Mo fi àkísà nu orí èyí tó wà níbẹ̀, mo rí 10.9. Irin líle gidi ni.

Mo yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ti mọ ohun tí mo rí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èyí tó wà níbẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ní kí n wá èyí tó lágbára sí i."

Mi ò pariwo mọ́ ọn. Èrò tó wá sí i lọ́kàn ni yóò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn: ohun tó ń já, fi èyí tí kì í já rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì ò lọ síbì kankan, ó ní láti rí ibòmíràn gbà. Ó gba orí lọ́ọ̀kì, ó gba orí kúrọ́ọ̀sì. Ká ní kúrọ́ọ̀sì gbà á mọ́ra ni, gíábọ́ọ̀sì ló kàn, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń tún ṣe nídìí igi. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un pẹ̀lú bóòtù méjèèjì lọ́wọ́, títí mo fi rí i pé ó yé e.

Mo pe ẹni tó ń tà wá ní pátì ní Ṣakí. Kò ní kúrọ́ọ̀sì oní 27 mm tó bá tiwa mu. Ó ní òun lè ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá láti Ìbàdàn, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kó máa gbé e bọ̀, mo sì tú àpótí irinṣẹ́ mi palẹ̀.

Kúrọ́ọ̀sì àlòkù kan wà nísàlẹ̀ àpótí tí mo ti yọ lára ṣáàfù mìíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti jẹ, àmọ́ fìlà rẹ̀ méjì ṣì dára. Èyí ni mo ṣe ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà pé kí wọ́n má ju irin nù. Mo dán fìlà náà wò nínú ihò etí ṣáàfù, ó wọlé ṣinṣin, kò mì.

Kò sí fáìsì nínú oko. Òkúta pẹlẹbẹ kan la gbé ṣáàfù lé. Mo yọ àwọn lọ́ọ̀kì tó kù pẹ̀lú ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ínrín, mo wá mú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: 17 sókè, tó kéré ju fìlà lọ kó lè tì í, 32 nísàlẹ̀, tí fìlà lè bọ́ sínú rẹ̀. Òòlù díẹ̀díẹ̀, fìlà ń jáde lápá kejì. Ẹni tó bá fi òòlù lu etí ṣáàfù fúnra rẹ̀ ti ba ihò jẹ́, fìlà tuntun ò sì ní jókòó síbẹ̀ dáadáa mọ́ láé.

Nígbà tí kúrọ́ọ̀sì jáde, mo fi èékánná ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan dán, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ilà wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ ti gbẹ́ síbẹ̀, nítorí pé apá kan náà ni ṣáàfù ń yí sí lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń ru ẹrù. Mo dojú rẹ̀ dé, èyí tó kọjú síwájú wá kọjú sẹ́yìn. Báyìí, ẹ̀gbẹ́ tó dán ni yóò máa gba ẹrù. Kí èèyàn tó ṣe èyí, kó wò ó bóyá ẹnu gírísì gọ́ọ̀nù yóò ṣì lè dé ibi tí wọ́n ti ń fún un ní gírísì. Tiwa ṣì ń dé e.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló gba sùúrù jù. Mo fi dísẹ́ẹ̀lì fọ fìlà àlòkù méjèèjì, mo ṣa abẹ́rẹ́ wọn sórí aṣọ funfun, mo yan àwọn tó dán. Mo wá fi gírísì nípọn kun inú fìlà, mo ń fi orí ìka tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gírísì ń dì wọ́n mú. Nígbà tí mo tò 23, àyè kan ṣì ṣẹ́kù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ó ti tó. Kò tó. Bí abẹ́rẹ́ kan bá dín, àwọn tó kù á rí àyè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ kúrọ́ọ̀sì, kò sì ní pẹ́ kó tó lọ gbogbo wọn lúúlúú. Mo mú ọ̀kan sí i láti inú fìlà kejì, mo rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, gbogbo wọn sì gbá ara wọn mú bí eyín àgbàdo lórí ṣùkù.

Ó ku lọ́ọ̀kì. Àwọn ti kúrọ́ọ̀sì àlòkù ti dípẹtà, ẹyọ kan tí mo gbìyànjú ṣẹ́ sí méjì lẹ́nu ẹ̀mú. Mo gbé irin etí ṣáàfù náà sórí ọ̀kadà, mo lọ bá baba alágbẹ̀dẹ kan ní abúlé tí a kọjá kí a tó dé oko. Wọ́n ti fẹ́ pa iná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Ògún á gbè yín o."

"Àṣẹ. Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn?"

Mo fi ihò hàn wọ́n, mo fi ojú ilà tí lọ́ọ̀kì ń jókòó sí hàn wọ́n, mo kó ègé èyí tó ṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tẹ ègé náà wò láàárín àtàǹpàkò àti ìka, wọ́n ní, "Irin tó máa ń fò padà lo fẹ́." Sípíríìǹgì ìdúró ọ̀kadà kan ni wọ́n fà yọ nínú àwọn irin wọn. Ọmọọmọ wọn fín ẹwìrì, sípíríìǹgì pọ́n bí ata, wọ́n nà án tọ́, wọ́n lù ú pẹlẹbẹ díẹ̀ lórí owú kí ó lè wọ ojú ilà, wọ́n wá ká a mọ́ ọ̀pá irin kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ihò wa lọ. Àgbà ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun: bí òrùka náà bá ṣe déédéé pẹ̀lú ihò, kò ní tì síta, kò sì ní dúró.

Wọ́n tún fi í sínú iná, ó pọ́n, wọ́n sọ ọ́ sínú ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé ó ti parí, mo na ọwọ́. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Wọ́n fi sáńpépà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi funfun, wọ́n gbé e lé irin gbígbóná kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kì í ṣe nínú iná. A jọ tẹjú mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ yí sí àwọ̀ oyin, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà ó ṣú bí aró láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí aró yẹn ṣe kárí, ẹ̀mú wọn ti gbé e kúrò.

"Bó bá le jù, á ṣẹ́. Bó bá rọ̀ jù, á tẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Ibi tí aró bá dé ni ká ti mú un."

Owó èédú nìkan ni wọ́n béèrè. Mo fi kún un.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo padà, a sùn sí abà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti kúrọ́ọ̀sì wọlé, lọ́ọ̀kì baba wọ ojú ilà rẹ̀, ó dún tá. Fìlà tó dojú kọ ọ́ ní ìṣòro tirẹ̀: etí ojú ilà rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, lọ́ọ̀kì rẹ̀ ò rí ibi gbogbo dì mú. Mo mú pọ́ńṣì, mo lu ẹnu ihò náà ní ojú mẹ́ta kí irin etí ṣáàfù lè tẹ̀ bo fìlà. Àtúnṣe ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ máa wò ó.

Ibi tí mo ti kùnà ni ìgbà tí mo ń so ṣáàfù pọ̀. Ọ̀pá onígun mẹ́rin ló wà nínú tiwa, ó lè wọlé lọ́nà mẹ́rin. Mo ń yára, mi ò wo etí iwájú àti etí ẹ̀yìn bóyá wọ́n wà lójú ìlà kan náà. Bí mo ṣe ki PTO bọ jíà, síláṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àga tí mo jókòó sí pàápàá ń gbọ̀n. Mo pa á kíá. Etí tó wà níwájú dùbúlẹ̀, ti ẹ̀yìn nàró. Mo fa ọ̀pá náà yọ, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo tì í padà, gbígbọ̀n náà sì lọ. Bí mo bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ì bá ti ṣòfò láàárín wákàtí kan.

Mo fi bóòtù 4.6 sí ìdí ṣáàfù, mo kó mẹ́fà sápò ọmọ iṣẹ́ mi. Mo gbé síláṣà sókè sí i kó má gé mọ́lẹ̀ jù, mo lo jíà tó lọ́ra, ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ ni mo sì ń mú lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá dé ìgbẹ̀yìn oko, a ó yọ PTO kí a tó gbé síláṣà láti yí padà, torí ibi tí ṣáàfù bá ti tẹ̀ jù ni kúrọ́ọ̀sì ti ń jìyà jù. Ní ìdajì wákàtí sí ara wọn, a ń pa ẹ́ńjìnnì, a ń yọ kọ́kọ́rọ́, mo ń sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ fìlà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. A fún un ní gírísì lẹ́ẹ̀mejì. Ike tó yẹ kó bo ṣáàfù ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, nítorí náà mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí. Ọmọ ẹni tó ni oko fẹ́ wá wò ó pẹ̀lú bùbá gbàgẹ̀rẹ̀, mo ní kó dúró sábẹ́ igi emi.

Bóòtù já lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ìgbà méjèèjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Éékà 5 parí nígbà tí oòrùn ń wọ̀, onípúlàù sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Kúrọ́ọ̀sì tuntun dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí mo tú ti àtijọ́, fìlà tí mo lu ẹnu rẹ̀ ti sún síta tó bí ìnípọn èékánná. Lọ́ọ̀kì baba ò yẹ̀ lójú ilà rẹ̀, ó ṣì ṣú bí aró, mo sì ní láti fi agbára gidi fún un kó tó jáde. Mo ti gbé e lọ fún wọn.