Bí Mo Ṣe Di Ẹni Tó Ń Tẹ Rìngì fún Àwọn Bẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Mi ní Iléṣà

Iṣẹ́ irin ni mo kọ́. Àwa la máa ń tẹ irin, tí a sì ń so ó pọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, àwọn tí gbogbo sáìtì ń pè ní bẹ́ńdà. Mi ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ẹni tó bá pè mí ni mò ń bá ṣiṣẹ́: lónìí Òkèṣà, lọ́la Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó di Ìpetu. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti ní òwò kejì báyìí, àwọn bẹ́ńdà bíi tèmi àti àwọn agbaṣẹ́ṣe ló sì ń rajà lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Àìsí ọmọ iṣẹ́ ló bí i. Láti ìgbà tí ìjọba ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà níbí di Yunifásítì Iléṣà ní 2022, àwọn tó ń kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ wà, ọmọ tí yóò bá wa ṣe é ni kò sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti gba ọ̀nà Ìtàgúnmódì lọ, wọ́n ń wa góòlù. Mi ò lè bá wọn jà, ojoojúmọ́ ni ebi ń pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni í tẹ rìngì. Rìngì ni irin onígun mẹ́rin tó máa ń yí irin òpó ká, tó dì wọ́n mú bí ìgbà tí okùn di ìdì igi. Ilé alájà kan lè gba ẹgbẹ̀rún rìngì. Iṣẹ́ tó ń sú ènìyàn ni, kò sì sí ọ̀gá tó fẹ́ jókòó tì í.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọ̀gá kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, bá mi wá ọmọ méjì. Ọ̀túnla la fẹ́ gbé òpó dìde, mi ò tíì ní rìngì kan ṣoṣo." Mo wá ọmọ títí, mi ò rí. Mo wá ní kí wọ́n kó irin wá sọ́dọ̀ mi. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọ̀ọ́dúnrún rìngì láàárín ọjọ́ kan àbọ̀. Nígbà tí ọ̀gá dé, wọ́n mú mẹ́rin, wọ́n tò ó léra wọn, igun bá igun. Wọn ò yìn mí. Wọ́n sanwó, wọ́n ní kí n tẹ igba sí i. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọjà ni nǹkan yìí.

Kí n tó fi owó ara mi ra irin, mo kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ibẹ̀ le. Bàbá kan dìde, wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ iye rìngì tí mo rà, ó ti mọ bí iṣẹ́ mi ṣe tó. Ó ku kó lọ bá onílé, kó ní òun á gbà á ní ẹ̀dínwó." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ìlú yìí. Ẹni tó ń bá wa díje náà ló tún fẹ́ máa tajà fún wa, ó yẹ kí ara fu wọ́n. Mo ṣèlérí pé mi ò ní dé sáìtì ẹnikẹ́ni àfi tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá pè mí, ẹ̀bá títì ni màá ti já ọjà. Pé mi ò ní bá onílé kankan sọ̀rọ̀. Àti pé tí onílé bá fúnra rẹ̀ wá mi wá, màá dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó rà lọ́wọ́ mi. Bàbá náà kò dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, ìwé tí mo ń so mọ́ ìdì rìngì kì í ní orúkọ mi, kì í ní nọ́ńbà fóònù mi. Ìwọ̀n àti iye nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé mò ń pàdánù ìpolówó. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí mo fẹ́ kó mọ̀ mí ti mọ ilé mi.

Ibi iṣẹ́ kò gba nǹkan púpọ̀. Pákó tó nípọn kan ni, mo gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ga dé ìbàdí mi. Òpó ínṣì mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn mílímítà 225. A ní láti fi 25 sílẹ̀ fún kọnkéré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà rìngì á jẹ́ 175 sí 175. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin jẹ́ 700, ìkọ́ méjì jẹ́ 50, 50. Irin tí a máa gé jẹ́ 800. Mo kan ìṣó márùn-ún sí ojú pákó náà ní 50, 225, 400, 575 àti 750, kí ọmọ má ṣe máa fa tépù ní gbogbo ìgbà. Ó kàn máa ti irin mọ́ ìdènà, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níbi ìṣó kọ̀ọ̀kan, á sì tẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ ni mi ò gbà kí wọ́n fi ṣeré. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé igun lásán, kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kọjá igun, kó wọnú, kó dojú kọ àárín òpó. Tí ẹrù bá wọ òpó lára, òpó á fẹ́ wú síta, rìngì tí ìkọ́ rẹ̀ kò wọnú á sì tú sílẹ̀ nígbà náà gan-an tí a nílò rẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fara gbá ni irin rírà. Rọ́ọ̀dù 8mm ni a fi ń ṣe rìngì. Mo ṣírò pé mítà 12 ni, rọ́ọ̀dù kan á fún mi ní rìngì 15 gẹ́lẹ́. Mo ra ogójì, mo ti ka ẹgbẹ̀ta rìngì sọ́kàn. Àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, tí rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń pin sí 14. Mo fa tépù sí i lára: mítà 11.6. Ogójì rìngì ti lọ. Mo tún gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n ní ìsọ̀ alágbàdo. 8mm tó pé, tó gùn tó mítà 12, yẹ kó wọn bíi kílò 4.7, èyí kò wọ 4. Kì í ṣe gígùn nìkan ni wọ́n rẹ́ jẹ, irin náà tín-ín-rín. Ẹni tó tà á ní bó ṣe ń wọlé sọ́wọ́ òun nìyẹn. Mi ò rà níbẹ̀ mọ́. Mo ra òṣùwọ̀n àfikọ́ tèmi, mo máa ń wọn mẹ́ta kí n tó sanwó, mo sì máa ń sọ fún àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n wọn tèmi náà. Àjẹkù tí kò tó rìngì, a fi ń ṣe àga, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń gbé irin òkè dúró nínú dẹ́kìn, kọnkéré pẹrẹsẹ tó ń di àjà ilé. Ìyẹn náà ti di ọjà.

Bísíkíìtì, ìyẹn ègé sìmẹ́ńtì kékeré tó ń gbé irin kúrò lórí pákó, ló tẹ̀ lé e. Onílé kan ló pè mí wá wo dẹ́kìn rẹ̀. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti já lulẹ̀, irin yọ síta, ó ti dógùn-ún, ó wú, ó ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo igi. Tí irin bá dógùn-ún, á gba àyè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun náà ló ń ti kọnkéré dànù. Mo mọ ohun tó fà á: òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi gbé irin sókè lọ́jọ́ tí wọ́n da á, òkúta yọ̀, irin sì jókòó lórí pákó. Bísíkíìtì ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tí a fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn ṣe, tó nípọn ínṣì kan, tó ní wáyà nínú tí a fi máa so ó mọ́ irin kó má lè yẹ̀. Gbogbo bẹ́ńdà ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú dẹ́kìn ni ọ̀pọ̀ máa ń rántí rẹ̀, nígbà tí kò lè gbẹ mọ́.

Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì ni mò ń pò. Màá tẹ́ ẹ sínú férémù pákó tí mo tẹ́ ọ̀rá sí, màá fi pákó gbọọrọ tẹ́jú rẹ̀. Tó bá ti ń ki, màá fi tírówẹ̀lì là á ní ínṣì méjì-méjì, màá ki wáyà bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò sìmẹ́ńtì kan ń fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé. Àwọn tí mo kọ́kọ́ ṣe, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo sá wọn sí, mo rò pé bó ṣe tètè gbẹ ló dára. Ìka ni mo fi fọ́ wọn. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Ní báyìí, bó bá di ọjọ́ kejì, inú dúrọ́ọ̀mù omi ló ń lọ, á lo ọjọ́ méje níbẹ̀, tí mo bá sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kò ní sọ pé òun gbọ́.

Orúkọ òwò tí mo lọ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kò gba wàhálà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gba iṣẹ́ ilé ìwé ló fẹ́ rìsíìtì àti àkáǹtì tó ní orúkọ òwò.

Owó gbígbà ni iṣẹ́ gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló ni bàbá ìyá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Mo rò pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Agbaṣẹ́ṣe kan kó rìngì 450 àti bísíkíìtì ẹgbẹ̀ta lọ láwìn, ó di oṣù mẹ́ta. Nígbà kẹta tí mo lọ, mo bá a níwájú onílé, òun náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí onílé san owó tòun. Mo padà lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Ó san án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó san án tán, ṣùgbọ́n mi ò rí irin rà ní gbogbo ìgbà yẹn; iṣẹ́ sáìtì tèmi ni a fi jẹun.

Láti ìgbà náà, ìdajì owó ni mò ń gbà kí n tó fi ayùn kan irin. Rìngì dà bí aṣọ tí a ti rán: ti òpó 9 sí 9 kò lè bá 9 sí 12 mu, tí ẹni tó ní kí n tẹ̀ ẹ́ bá sá, ta ni màá tà á fún? Bísíkíìtì ni mo lè fún ènìyàn láwìn díẹ̀, torí gbogbo ilé ló ń lò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan gun ọ̀kadà dé. Ó ní bàbá ló rán òun, bàbá tó dìde ní ìpàdé lọ́jọ́ náà. Wọn ò rà lọ́wọ́ mi rí. Ó na ìwé kan sí mi: 9 sí 12, igba ó lé ogójì, pẹ̀lú ìdajì owó. Mo ṣírò rẹ̀, rọ́ọ̀dù ogún. Nígbà tí mo yí ìwé náà padà, mo rí i pé ara ìwé tí onílé kọ nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí ni wọ́n ti ya á. Mo da iye náà kọ sára pákó, mo ká ìwé náà padà bó ṣe wà, mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, mo ní kó fún bàbá, kó sì sọ fún wọn pé ọjọ́bọ̀ ni, ní ẹ̀bá títì.