Ìdí Funfun Ni Kí Ẹ Wò, Kì Í Ṣe Ìyẹ́ Búlúù

Látìgbà tí ètò àtẹ èso óákù ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí à ń gbé èso igi óákù (oak) sórí àtẹ nínú igbó kí ẹyẹ jéè lè kó o lọ rì mọ́lẹ̀, kó sì hù, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onígbó: "Kò sí ẹyẹ jéè nínú igbó tèmi." A débẹ̀, a dúró díẹ̀, jéè mẹ́ta ti fò kọjá lórí wa. Ìyẹ́ búlúù lẹ ń wá, òun náà ló ń tàn yín jẹ.

Ìran kannakánná ni jéè, ṣùgbọ́n kò dúdú bíi tiwọn. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí amọ̀ gbígbẹ, ó sì ní túbọ̀mu dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgógó. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34. Lóòótọ́, búlúù wà lápá rẹ̀, wọ́n sì fi dúdú là á, àmọ́ kò tó nǹkan. Tó bá ti wọ abẹ́ òjìji, ojú kò rí i mọ́. Ẹ̀yìn ẹyẹ yìí lẹ máa ń rí, nígbà tó bá ń sá lọ. Òkè ìrù gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́: ìrù dúdú, ìdí funfun báláú. Ẹyẹlé igbó náà ní funfun, apá ni tirẹ̀ wà.

Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ tuntun ya. Ó tún mọ àwòdì sín jẹ, nítorí náà ẹ rí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkọkànlá ni kí ẹ ṣọ́ ọ, torí ìgbà tó bá ń pamọ tọ́ ní ìgbà ìrúwé, kì í pariwo. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Bó bá wú, èso óákù ló kó síbẹ̀. Ó lè kó tó 9 lẹ́ẹ̀kan. Á bà sílẹ̀, á wo ọ̀tún wo òsì, á ki àgógó bọ ilẹ̀, á gbá èso náà wọlé, á fa ewé gbígbẹ bò ó. Ẹyọ kan, ihò kan. Ẹyẹ kan lè rì tó 3,000 sí 5,000 ní ìgbà ìwọ́wé kan ṣoṣo, èyí tí kò bá sì padà wá jẹ ló ń di igi. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2006 ṣírò rẹ̀ ní ọgbà ńlá kan nílùú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden: kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tọkọtaya jéè kan, dọ́là 4,900 ni bó bá fúnrúgbìn, 22,500 bó bá gbin ọmọ igi.

Torí náà, ẹ ka ìdí funfun ní òwúrọ̀ méjì, wákàtí kan kan, kí ẹ tó ri òpó àtẹ. Bí ẹ bá rí méjì, ó tó. Kí òpó ga ní mítà 1.5 sí 2, níbi tí ẹyẹ ti lè rí yíká, kí ìsàlẹ̀ àtẹ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí omi lè jò. Kílò 5 èso ni kí ẹ dà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ da èso sínú omi. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èyí tó ti bu síbẹ̀, jéè kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀.

Ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ mìíràn, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i ní Oṣù Kẹfà tó ń fa ọmọ óákù, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú èso ìdí rẹ̀ ló ń yọ, ọmọ igi náà sábà máa ń yè é.