Bí a ṣe ń pààrọ̀ apá kan orúnkún: kí egungun tẹ̀ lé iṣan ìdè

Orúnkún ní ìyàrá mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òde. Ẹ̀kẹta wà níwájú, lábẹ́ egungun pẹlẹbẹ tó dé orúnkún bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Nígbà tí àrùn oríkèé bá mú àgbàlagbà, ìyàrá inú nìkan ló máa ń jẹ lára ọ̀pọ̀ wọn, tí àwọn yòókù á ṣì dá ṣáká. Síbẹ̀, àwọn tí a ń pààrọ̀ gbogbo orúnkún fún pọ̀ ju àwọn tí a ń pààrọ̀ apá kan fún lọ fíìfíì. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ohun tó ṣì dára tí a bá gé dànù, kò sí irin tó lè dà bíi rẹ̀.

Ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ti wá. John Goodfellow tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ egungun àti John O'Connor tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ronú rẹ̀: irin roboto sí orí egungun itan, irin pẹlẹbẹ sí orí egungun ojúgun, àti ike líle kan láàárín wọn tí kò lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí, tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká tó sì ń nà. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń lò ó fún ìyàrá kan ṣoṣo, ní 1998 sì ni irinṣẹ́ tuntun dé tó jẹ́ kí a lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré ṣe é. Mo kọ èyí fún dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, fún nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí i, àti fún ọmọ tó fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí orúnkún ìyá rẹ̀. Kíkà kò lè dípò dídúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á tètè mọ́. Ìdí náà kò ju ẹyọ kan lọ: egungun ni a ń gé kó lè bá iṣan ìdè, ìyẹn okùn líle tó so egungun mọ́ egungun, mu, a kì í fọwọ́ kan iṣan ìdè kó lè bá egungun mu.

Ẹni tí a ó ṣe é fún ni ìṣòro àkọ́kọ́. Nínú fọ́tò X-ray tí aláìsàn dúró yà, egungun itan àti ti ojúgun gbọ́dọ̀ ti kan ara wọn ní ìyàrá inú, kó má ku eegun rírọ̀ kankan láàárín wọn. Bí ó bá ṣì kù díẹ̀, kí a ní sùúrù, nítorí pé àwọn tí a yára ṣe é fún nígbà tí egungun kò tíì kan egungun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀. Iṣan ìdè iwájú, èyí tó wà ní àárín gbùngbùn orúnkún tó sì dábùú ìkejì rẹ̀ bí àgbélébùú, gbọ́dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí orúnkún kò bá nà tán mọ́, ìká tó ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ ju digírì 15 lọ. Ẹni tó ní irú làkúrègbé tí àjẹsára ara fúnra rẹ̀ ń fà, iṣẹ́ yìí kò yẹ ẹ́, nítorí pé gbogbo ìyàrá ni àrùn yẹn ń jẹ.

Fọ́tò kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, a ó ká orúnkún rẹ̀ tó digírì 20, a ó wá ti ojúgun rẹ̀ síta bí wọ́n ṣe ń ya á. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ gbọ́dọ̀ nà padà, kí àlàfo ìyàrá inú là, kí ti òde sì ṣì nípọn dáadáa. Bí ó bá nà padà, a mọ̀ pé iṣan ìdè ẹ̀gbẹ́ inú kò tíì súnkì, a sì mọ̀ pé eegun rírọ̀ ẹ̀gbẹ́ òde ṣì pé. Bí kò bá nà, kí a má ṣe tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ ìsanra àti ọjọ́ orí ti fa àríyànjiyàn. Ní 1989, àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun Kozinn àti Scott kọ ọ́ pé ẹni tó bá wúwo ju kílò 82 lọ, tàbí tí kò tíì pé ọdún 60, kò yẹ fún un. Àwọn ará Oxford kò tẹ̀ lé òfin yẹn, àbájáde iṣẹ́ wọn sì ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tí èmi rí pé ó wúwo ju ìyẹn lọ ni iye ìgbà tí dókítà fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Lóòótọ́, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé wọ́n máa ń tún apá kan orúnkún ṣe lẹ́ẹ̀kejì ju odindi lọ, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni èyí ti pọ̀ jù. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà wá ni pé kó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún orúnkún tí dókítà kan ń pààrọ̀, ó kéré tán. Ìwádìí TOPKAT, tó kó aláìsàn 528 jọ ní Bìrìtéènì tó sì jáde ní 2019, rí i pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ara àwọn tí wọ́n ṣe apá kan fún yá tó ti àwọn tí wọ́n ṣe odindi fún, owó tó sì ná wọn kéré jù.

Ní tíátà, ẹ̀yìn ni aláìsàn ń fi lélẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú ẹ̀yìn tó ń pa ìsàlẹ̀ ara kú sábà máa ń tó. A ó gbé itan rẹ̀ sórí ìgbẹ́sẹ̀lé kan kí ojúgun lè rọ̀ sílẹ̀ fàlàlà, kí a sì lè ká orúnkún kọjá digírì 110 láìsí ohun tó dí i. Kí a dán an wò kí a tó ta aṣọ bò ó. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn gbọ́dọ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan kí abẹ tó kan ara, kí ó sì jẹ́ kí a tó fẹ́ atẹ́gùn sínú bẹ́líìtì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní itan, nítorí pé oògùn tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn kò ní í rí ọ̀nà dé orúnkún. Kí àpótí irinṣẹ́ odindi orúnkún náà wà nítòsí. A lè ṣí orúnkún kí a bá ohun tí fọ́tò kò sọ.

Ojú abẹ á bẹ̀rẹ̀ láti etí inú egungun ọmọrí, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀ ibi tí egungun méjèèjì ti pàdé. A kì í yí ọmọrí padà, ńṣe ni a rọra ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ odindi orúnkún ti ń ṣàṣìṣe: ọwọ́ wọn ti mọ́ bíbó iṣan ìdè ẹ̀gbẹ́ inú kúrò lára ojúgun. Níhìn-ín, èèwọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìkọ́ kékeré fa iṣan ìdè iwájú wò bóyá ó le, a ó wo ìyàrá òde, a ó sì gé gbogbo ṣóńṣó egungun tó hù sí etí itan àti sí inú ihò àárín kúrò, nítorí pé àwọn yẹn ló ń ti iṣan ìdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó ń gún un. Bí a bá ti kó wọn kúrò, iṣan ìdè á padà sí gígùn tí Ẹlẹ́dàá fún un, gígùn yẹn ni a ó sì máa wọ̀n títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Egungun ojúgun ni a kọ́kọ́ ń gé. A ó ti irin kan tó rí bíi ṣíbí bọ abẹ́ orí itan láti mọ ìwọ̀n rẹ̀ àti bí iṣan ṣe fà tó, a ó sì so ó mọ́ atọ́nà tó dúró lójú ojúgun, tó dà sẹ́yìn ní digírì 7. Ayùn tóóró ni a fi ń gé òòró, lẹ́bàá ibi tí iṣan ìdè iwájú fìdí sí, kí ojú ayùn náà sì kọjú sí ṣóńṣó egungun ìbàdí iwájú tí olùrànlọ́wọ́ lè fọwọ́ kàn láti òkè aṣọ. Kí ọwọ́ tó di ayùn mú má ṣe gbéra sókè rárá, nítorí pé bí ìdí ayùn bá gbéra, ẹnu rẹ̀ á rì jù lẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni ojúgun sì ti máa ń là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ayùn fífẹ̀ ni a fi ń gé ìbú, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan láàárín rẹ̀ àti iṣan ìdè ẹ̀gbẹ́ inú. Kí nọ́ọ̀sì má fi irin yẹn sílẹ̀ kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ayùn bá ya iṣan yẹn, ike tí a fẹ́ fi síbẹ̀ kò ní í lè dúró mọ́, àfi kí a yí ètò padà.

Egungun kékeré tí a yọ yẹn, kí a má ṣe sọ ọ́ sínú abọ́ ìdọ̀tí láìwò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo dúró wò ó pẹ́: iwájú àti àárín rẹ̀ ti jẹ dé egungun, ó le, ó ń dán bí okúta odò, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun pẹ̀lú eegun rírọ̀ tó pé. Àpèjúwe iṣan ìdè iwájú tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló jẹ, iṣan náà ti bàjẹ́, fọ́tò ló tàn wá. A tún ń fi egungun náà mọ bí irin ojúgun tí a ó lò yóò ṣe tóbi tó.

Ti itan kò le tó bẹ́ẹ̀ bí a bá tẹ̀ lé atọ́nà. A ó ti ọ̀pá kan bọ inú egungun itan láti ihò tí a lu ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan síwájú igun ihò àárín, òun ni yóò darí atọ́nà tí a ó fi lu ihò méjì sí orí itan. A ó fi ayùn gé ẹ̀yìn orí itan, a ó sì kó ìyókù eegun rírọ̀ tó dà bí oṣù lẹ́ẹ̀kọ́ kúrò láàárín, ṣùgbọ́n kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù lẹ́bàá iṣan ìdè ẹ̀gbẹ́ inú kó lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kan tó ń yí biri yóò ha orí itan kó lè ṣe roboto. Èèkàn irin onínọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní spigot ni a ń kì bọ ihò kó lè sọ ibi tí ẹ̀rọ yẹn yóò dúró. Nọ́ńbà 0 ni a kọ́kọ́ ń lò.

Wàyí o, a dé ibi tí iṣẹ́ náà gan-an wà. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì nígbà tí orúnkún ká gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà nígbà tó nà. A ó fi irin ìdánwò sí itan àti ojúgun, a ó ká orúnkún sí digírì 110, a ó sì máa ti irin ìwọn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tọ́ ni èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ tó sì jáde wẹ́rẹ́, tí kò mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka ló ń gbọ́ ọ ju ojú lọ. A ó yọ ọ́ kúrò kí a tó na ẹsẹ̀, kó má bàa na iṣan jù, a ó wá wọn èkejì ní digírì 20. A kì í wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ nà tán, nítorí pé awọ ẹ̀yìn orúnkún máa ń fà nígbà náà, á sì jẹ́ kí àlàfo dà bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ.

Ká ní irin mìlímítà 5 ló wọlé nígbà tí orúnkún ká, tó sì jẹ́ mìlímítà 2 nígbà tó nà. Ìyàtọ̀ jẹ́ 3. Spigot nọ́ńbà 3 ni a ó kì bọlẹ̀, ẹ̀rọ á sì ha mìlímítà 3 kúrò ní ìsàlẹ̀ orí itan nìkan, kò ní í kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí àlàfo nínà náà lè di 5. A ó tún méjèèjì wọ̀n. Bí mìlímítà kan bá ṣì ṣẹ́ kù, a ó lo nọ́ńbà tó kàn. Egungun tí a ti ha kò ṣeé dá padà, nítorí náà, kí a má ṣe lo nọ́ńbà tó ju ìyàtọ̀ tí a wọ̀n lọ láti fi gba àkókò.

Kí a tó fi irin gidi sí i, a ó gé egungun díẹ̀ níwájú orí itan, a ó sì kó ṣóńṣó ẹ̀yìn kúrò, kí ike má bàa kọ lu egungun nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà tàbí tó bá ká tán. A ó fa kòtò tóóró sínú ojúgun fún ìdí irin, ká fi sùúrù lu òòlù, nítorí pé òòlù agbára lè la egungun.

Sìmẹ́ńtì egungun kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. A ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí orí egungun, a ó fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, a ó sì nù ún gbẹ. Ojúgun ló ń ṣáájú. Ẹ̀yìn irin ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, lẹ́yìn náà iwájú, kí sìmẹ́ńtì tó bá pọ̀ jù lè tú jáde síwájú níbi tí a ti lè rí i kó. Èyí tó bá há sí ẹ̀yìn á di òkúta tí yóò máa ha ike. Itan ló tẹ̀ lé e. Títí yóò fi le, a ó fi irin ìwọn sáàárín, a ó sì di ẹsẹ̀ mú ní digírì 45. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ tán nígbà náà á jẹ́ kí irin ojúgun ṣẹ́rí. Ìgbẹ̀yìn ni a ń ti ike bọlẹ̀ tó máa rọra dún pó, tí a ó sì ká ẹsẹ̀ kí a nà án láti rí i pé ó ń yọ̀ láìkọ lu ohunkóhun.

A ó fún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora káàkiri ibi tí a gé, a ó rán an ní ìpele-ìpele, a ó sì tú bẹ́líìtì itan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn á dìde rìn lọ́jọ́ yẹn gan-an tàbí ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni tí ojúgun rẹ̀ bá wú tó sì ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kúrú lójijì, kó má ṣe dúró di ọjọ́ ìpàdé, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́wọ́ kan náà, nítorí pé ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa máa ń bi mí jù ni bóyá wọn yóò tún lè kúnlẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá ti jiná dáadáa, kíkúnlẹ̀ kì í ba irin náà jẹ́. Awọ ojú ọgbẹ́ lè kú tìpìrì fún oṣù mélòó kan, nítorí náà orí ìrọ̀rí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n di àga mú.