Ẹja Discus Nínú Ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ẹ Wá Omi Kí Ẹ Tó Wá Ẹja

Ẹja discus, ẹja ọ̀ṣọ́ tí à ń sìn nínú àpótí gíláàsì, rí pẹlẹbẹ, ó sì rí roboto bí àwo. Odò Amazon àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní Brazil, Peru àti Colombia ni ilé rẹ̀. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní ẹfun nínú, ó sì kan díẹ̀ nítorí ewé tó ń rà sínú rẹ̀. Omi tí kò bá a lára mu ló ń pa á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kí àrùn tó dé. Àwọn tó ń sìn ín nílùú òyìnbó ń ra ẹ̀rọ olówó gọbọi kí wọ́n lè rí irú omi bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, orí òrùlé ló ń rọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ omi kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ẹja.

Omi

Ẹ ra ohun ìwọn TDS, tó ń sọ iye nǹkan tó yòrò sínú omi, àti ohun ìwọn pH, tó ń sọ bí omi ṣe kan sí. Ẹ ra ohun àyẹ̀wò ammonia, nitrite àti nitrate, àwọn èròjà tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, kún un. Èyí tó jẹ́ olómi nínú ìgò ṣeé gbára lé ju ti bébà lọ.

Ẹ má fojú lásán wo omi kànga kí ẹ ní ó dára. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìjẹ̀bú máa ń rọ̀, ó sì máa ń kan, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ káàkiri. Lágbègbè Ṣágámù, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀, omi kànga ibẹ̀ sì lè le débi tí ọṣẹ kò ní tètè hó nínú rẹ̀. Kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá tún lè ní nitrate. Ẹ wọn ti ilé yín, ẹ má gba ti aládùúgbò gbọ́.

Ẹ má wọn pH omi bọ́họ̀ọ̀lù ní kété tí ẹ bá fà á tán. Carbon dioxide tó bá a ti inú ilẹ̀ wá ló ń jẹ́ kó kan jù bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á sínú dírọ́ọ̀mù, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ẹ fún wákàtí 24: èyí tó jẹ́ 5.5 lánàá lè ti di 6.5. Tí omi bá pọ́n nígbà tó rí afẹ́fẹ́, irin wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ bu ti òkè, kí ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ omi òjò wá gba ìṣọ́ra. Páànù alumíníọ̀mù ló dára láti gbà á. Páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà máa ń tú zinc sínú omi, omi tó rọ̀ sì ni zinc ti ń pa ẹja jù. Òjò mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kó máa fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ alángbá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gbé ọ̀pá sẹ́nu táńkì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì dé táńkì pinpin kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Táńkì ike lítà 1,000 kan tó kún ní oṣù kẹwàá á ran tọkọtaya ẹja kan lọ́wọ́ gan-an nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ bá ń ṣọ́ ọ lò.

Ẹ má fi omi òjò nìkan sin ín. Kò sí ohun tó ń di pH rẹ̀ mú, ó lè já wálẹ̀ lóru kan ṣoṣo. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 6, àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja á dẹwọ́ iṣẹ́. Ẹ lú u pọ̀ mọ́ ti kànga. Bí TDS kànga yín bá jẹ́ 240, tí ti òjò jẹ́ 10, kẹ́ẹ̀gì kan ti kànga sí mẹ́ta ti òjò á fún yín ní bíi 68, ìyẹn gan-an sì ni ẹja tó fẹ́ yé ń fẹ́. Fún ẹja tí ẹ kàn ń tọ́ dàgbà, ẹ má da ara yín láàmú: TDS tó tó 250 kò ṣe é ní nǹkan, kí pH ṣáà wà láàárín 6 sí 7.

Ewé igi fúrúùtù (almond) tó ti gbẹ, tó já bọ́ fúnra rẹ̀ sábẹ́ igi, tún wúlò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, kí ẹ ju ẹyọ kan sínú lítà 50. Láàárín ọjọ́ méjì, omi á pọ́n díẹ̀. Kì í jẹ́ kí èbu tètè mú ẹyin.

Gíláàsì

Fún ẹja mẹ́fà tó dàgbà, àpótí tó gùn ní sẹ̀ntímítà 120, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 50, tí gíláàsì rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10, ló tó. Bí omi bá ga dé sẹ̀ntímítà 45, ó ń lọ sí lítà 260. Omi yìí àti gíláàsì lé ní kílò 300, tábìlì pálọ̀ kò lè gbé e. Kí wẹ́dà fi irin jó ìdúró rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Sílíkóònù tí wọ́n fi ń dí ilé ìwẹ̀ máa ń ní oògùn èbu tó ń pa ẹja, èyí tó wà fún ilé ẹja ni kẹ́ ẹ rà. Kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rọ omi kún un níta fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ má da yanrìn sí i. Ìsàlẹ̀ tó wà lásán ni ẹ ti lè rí ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, kí ẹ sì fà á jáde.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́n oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá yẹn. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á fà á lọ sínú omi tààrà, ẹja á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iná ọba

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan àti asẹ́ fóòmù ńlá méjì ló ń fọ omi. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè ju ojú omi lọ, torí bí iná bá lọ, omi á gba inú rọ́bà padà sínú rẹ̀, á sì bà á jẹ́.

Ooru omi gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 28 sí 30 lórí Celsius. Nínú ilé wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti wà ní 26 sí 28 fúnra rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ hítà kò pọ̀ àfi lásìkò ọyẹ́ àti òjò oṣù keje. Ẹ ra hítà wáàtì 150 méjì dípò 300 kan. Iná tó ń lọ sókè sódò máa ń mú kí hítà há sórí iṣẹ́. Ńlá kan á se ẹja jinná, ṣùgbọ́n kékeré kan ò lè tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì ti rí i lójú tẹmọ́mítà.

Tí iná bá lọ, ooru kì í tètè sá. Afẹ́fẹ́ ló ń tètè tán, torí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Bátìrì fólítì 12, 7Ah, á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wáàtì 5 fún nǹkan bíi wákàtí 8 láì gbẹ tán. Hítà ò gbọdọ̀ wà lórí bátìrì náà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi bo gíláàsì. Bí kò bá sí bátìrì, ẹ máa fi abọ́ bu omi, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ títí iná á fi dé.

Kí ẹja tó wọlé

Ẹ jẹ́ kí omi, fóòmù àti ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 láìsí ẹja. Ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ kó máa rà. Ammonia á kọ́kọ́ gòkè, nitrite á tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á sì padà di 0. Ọjọ́ yẹn ni ilé ẹja gba àlejò. Ẹ má lọ gbé fóòmù, nẹ́ẹ̀tì tàbí omi láti inú pọ́ńdù ẹja àrọ̀ wá pé kó yá, àrùn ibẹ̀ ni yóò bá a wá.

Ẹ ra mẹ́fà tó gùn tó sẹ̀ntímítà 6 tàbí 7 lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Èyí tí ojú rẹ̀ bá tóbi jù fún ara rẹ̀ ti rán, kò dàgbà bó ṣe yẹ. Kí ó jẹun lójú yín, kí ìgbẹ́ rẹ̀ má sì funfun bí òwú. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti rà á, inú kúlà ni kó wà, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí gòsúlóò má bá yín lọ́nà. Ẹ gbé ọ̀rá tí ẹja wà nínú rẹ̀ lé omi fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bu omi ilé sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ kó ẹja sínú ilé wọn, ẹ da omi ọ̀rá nù.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fa ìdá 40 nínú 100 omi jáde, kí ẹ fi èyí tó ti sinmi rọ́pò rẹ̀. Omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kẹ́ ẹ fi fọ fóòmù, láìsí ọṣẹ.

Ní ti oúnjẹ, ọkàn màlúù ni ọba. Ẹ rà á lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ yọ gbogbo ọ̀rá àti iṣan kúrò títí á fi ku ẹran pupa nìkan. Fún kílò kan, ẹ fi edé tútù tí ẹ ti bó, gírámù 300, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀, gírámù 100, àti áyù ẹyọ méjì sí i. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kó dì. Èyí tó bá ti yọ́ nítorí pé iná lọ, ẹ má dá a padà sínú fírísà. Ìdí nìyẹn tó fi dára kó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ ń ṣe. Ọmọdé ẹja ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Tanwíjí inú garawa omi òjò náà dùn mọ́ wọn, àmọ́ kí ẹ sẹ́ ẹ tán kó tó pé ọjọ́ márùn-ún, kó má lọ di ẹ̀fọn fún ará ilé.

Yíyé àti pípa

Akọ àti abo ò ṣeé dá mọ̀ lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ẹ ó rí méjì tí wọ́n ya sígun kan, tí wọ́n ń tẹrí ba fúnra wọn, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n sì ń fẹnu fọ ibì kan. Ẹ kó wọn lọ sínú gíláàsì 50 × 50 × 50. Ẹ da ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn, tí ẹ ti sè láìsí ọṣẹ, délẹ̀ sáàárín. Ibẹ̀ ni wọ́n á yé sí. Kí TDS wà lábẹ́ 100, torí nínú omi líle èèpo ẹyin máa ń le kí àtọ̀ akọ tó ráyè wọlé.

Ẹyin tó funfun lẹ́yìn ọjọ́ kan kò gba àtọ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló funfun, ẹ wo omi kẹ́ ẹ tó dá akọ lẹ́bi, ó sì lè jẹ́ abo méjì ni. Àwọn òbí tuntun máa ń jẹ ẹyin tàbí ọmọ wọn nígbà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Tí wọn ò bá jáwọ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì yí ìkòkò náà ká kí wọ́n máa rí ẹyin láì lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn wákàtí 55 sí 60, ẹyin á pa, ọmọ á so mọ́ ìkòkò, ìrù wọn á máa jà. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n yé, wọ́n á wẹ̀ lọ sára òbí, oje ara òbí ni wọ́n á sì máa jẹ. Ẹ má tètè kó wọn kúrò. Ẹ dín omi kù sí sẹ̀ntímítà 25 kí wọ́n lè tètè rí òbí. Ẹ yọ ohun dúdú gbogbo kúrò, torí ọmọ á lọ so mọ́ fóòmù dúdú, ebi á sì pa á kú níbẹ̀. Kí gílóòbù kékeré orí bátìrì máa tàn mọ́jú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti ń jẹ lára òbí, ẹ fi artemia (ẹ̀dá wíwẹ́wẹ́ bí edé, inú omi iyọ̀) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kún un, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹyin rẹ̀ ni ẹ ó rà: iyọ̀ gírámù 25 nínú lítà omi kan, afẹ́fẹ́ líle, wákàtí 24 sí 36, ó ti pa. Ẹ ṣàn án kí iyọ̀ kúrò. Ìdajì omi lẹ ó máa pààrọ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kó ọmọ lọ sí gíláàsì tiwọn.

Tí òbí bá wá dúdú, tó ń sá sí kọ̀rọ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Metronidazole 400 mg sínú lítà 60, kí ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójoojúmọ́, kí ẹ tún fi oògùn sí i, fún ọjọ́ 7. Tọkọtaya tó yè lè tún yé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá kó ọmọ lọ. Lẹ́yìn ọmọ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dá wọn padà sáàárín ẹgbẹ́ wọn fún oṣù méjì, kí ara wọn lè padà bọ̀ sípò.