Bí Ẹ Ṣe Lè Múra De Ọ̀gìnìntìn, Pàápàá Bí Iná Bá Lọ

Tẹ́lẹ̀, àwa tí a wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, máa ń fi àwọn ará wa ní Chicago ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n á ní òjò dídì ti bo ọkọ̀ àwọn mọ́lẹ̀, àwa á ní kí wọ́n máa kó bọ̀ níbi tí oòrùn wà. Àfi bó ṣe di oṣù kejì ọdún 2021. Òru Àìkú mọ́jú Ajé, ọjọ́ 15, iná lọ. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló wà nínú òkùnkùn káàkiri Texas lọ́sẹ̀ yẹn, òtútù sì já wálẹ̀ kọjá -10°C. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa fi ka òkú tán, ó jẹ́ 246.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí iná, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n inú ohun tí a kó bọ̀ láti ilé náà ni èyí tó lè pa wá níbí wà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ má gbé iná eléèéfín wọlé

Màmá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ. Nígbà tí òtútù ti gba inú ilé kan, ojú wọn lọ sára ààrò èédú tí a fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣáà gbé èédú yẹn wọlé ká fi yáná. Àbí báyìí la ó ṣe jókòó tí òtútù á fi pa ọmọ?"

Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Nílé wọn, fèrèsé kì í pa dé tán, atẹ́gùn sì ń gba orí ògiri wọlé. Ilé ibí yàtọ̀. Wọ́n ti dí gbogbo ihò rẹ̀ pa kí ooru má baà jáde, èéfín náà kò sì ní rí ọ̀nà lọ.

Carbon monoxide ni wọ́n ń pe èyí tó burú nínú èéfín náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, á gba àyè mọ́ atẹ́gùn tí a ń mí lọ́wọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á fẹ́ gbéni. Ẹni tó bá ti sùn kò tilẹ̀ ní mọ nǹkan kan tí yóò fi kú. Nítorí náà, ìta ni èédú àti ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran gbọ́dọ̀ wà. Ẹ má tan ààrò gáàsì ilé ìdáná sílẹ̀ kí ilé lè gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn gáréèjì tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu sàláńsà rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Kí òtútù tó dé, ẹ ra aláàmù carbon monoxide tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e sítòsí yàrá tí ẹ ń sùn. Bó bá dún, tàbí tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo ará ilé pa pọ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde sínú òtútù yẹn ná, kí ẹ tó pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí.

Nígbà tí a ṣàlàyé tán, Màmá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ kó aṣọ wá nígbà yẹn."

2. Ẹ kó ara yín jọ sí yàrá kan

Ẹ mú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré jù. Ẹ fi táwẹ́lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ta aṣọ fèrèsé mọ́lẹ̀ lálẹ́, kí ẹ ká a sókè bí oòrùn bá yọ. Ooru ara èèyàn márùn-ún nínú yàrá kékeré kì í ṣe nǹkan kékeré. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tàn, ẹ fi àbẹ́là sílẹ̀, nítorí búláńkẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ nílẹ̀ àti iná kò bára wọn rẹ́.

Ẹ má kó búláńkẹ́ẹ̀tì wúwo sí ibùsùn ọmọ ìkókó, ó lè bò ó nímú. Aṣọ ni kí ẹ wọ̀ fún un léraléra. Lójú mọ́mọ́, màmá wa pọ̀n ọ́n, wọ́n wọ kóòtù ńlá lé e, wọ́n jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà níta, ọmọ sì sùn. Mi ò tíì rí hítà tó dà bí ẹ̀yìn màmá.

3. Omi

Ibi tí àwa ti kùnà nìyí. Omi tó bá ń di yìnyín máa ń wú. Bó ti ń wú nínú páìpù ni yóò máa ti omi tó kù síwájú. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá wà ní dídé, omi yẹn kò ní ríbi sá sí, páìpù á bẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Texas, òkè àjà ni páìpù ń gbà, kò sì sí aṣọ lára rẹ̀.

Bí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá ti ní òtútù máa tó 20°F, ìyẹn nǹkan bíi -7°C, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa ro tó, tó, tó mọ́jú. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì sílẹ̀ kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Ẹ fi aṣọ wé èyí tó wà níta. Ẹ pọn omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì, lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 ó kéré tán. Ẹ rọ omi kún báàfù fún ilé ìgbẹ́.

Kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé pa. Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí oòrùn padà tí yìnyín yọ́, tí inú wa ń dùn, ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti òkè àjà. Kí a tó rí fáàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àjà pálọ̀ ti já lulẹ̀ sórí àga.

4. Oúnjẹ

Gaàrí, ẹ̀pà, sadíìnì, búrẹ́dì, mílíìkì ọmọ, oògùn tí àgbà ń lò lójoojúmọ́. Ọbẹ̀ tí ẹ dì kún fírísà kò ní bàjẹ́ bọ̀rọ̀: fírísà tó kún lè gbé wákàtí 48 bí ẹ kò bá ṣí i, ṣùgbọ́n fíríìjì ò ju wákàtí 4 lọ. Ẹ gba iná sí fóònù àti páwà báǹkì kí iná tó lọ.

5. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jáde

Aṣọ mẹ́ta tín-ínrín sàn ju kóòtù wúwo kan lọ. Kí èyí tó kan ara má jẹ́ òwú lásán, nítorí òwú tó mu òógùn kì í tètè gbẹ. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé inú rẹ̀ gbóná ju èyí tí wọ́n pín ní ìka kọ̀ọ̀kan.

Ní 0°F, ìyẹn nǹkan bíi -18°C, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 15 ní wákàtí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni òtútù fi ń jẹ awọ ara. Ìwé máa ń ní ara á kọ́kọ́ pọ́n, á wá funfun. Lára àwa dúdú, ìyẹn kì í tètè hàn. Ibi tó ń ta yín tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ ni kí ẹ ṣọ́, tó le bí àbẹ́là lábẹ́ ìka, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe bí eérú. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má nà án sí iná, torí pé ibi tó ti kú kò ní mọ ìgbà tó ń jó. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ rì í sí, lẹ́yìn náà ẹ wá dókítà lọ.

Ẹ gbàgbé ògógóró. Ọtí ń ṣí iṣan abẹ́ awọ, ooru inú á tú síta. Ooru tí ẹ ń gbọ́ lára yẹn, èyí tó ń fi yín sílẹ̀ lọ ni.

Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń bá òtútù jà. Bó bá dákẹ́ gbígbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tó ń ṣe bí ọ̀mùtí, ẹ pe 911. Kí wọ́n tó dé, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, àyà àti ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú gbóná, kì í ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Lórí yìnyín, ẹ rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìṣísẹ̀ kéékèèké, ẹsẹ̀ ya díẹ̀, kí ọwọ́ má sí lápò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Chicago fi kún un pé bí èèyàn bá ń kó òjò dídì, kó máa fi ṣọ́bìrì tì í ni, kó má gbé e, torí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ ńkọ́? Kí epo máà wálẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ, kí búláńkẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́bìrì wà nínú búùtù. Nígbà ìjì òjò dídì tó jà ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù kejìlá ọdún 2022, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti bá òkú àwọn kan. Bí ẹ bá há, ẹ má fẹsẹ̀ rìn lọ, inú ọkọ̀ ni kí ẹ wà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 10 láàárín wákàtí kan, kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tàn án rárá, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ gbẹ́ òjò dídì kúrò lẹ́nu sàláńsà, nítorí èéfín kan náà tí a kọ̀ fún Màmá nínú ilé ni yóò padà wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ríà ọkọ̀, ìyẹn ọ̀pá rédíò rẹ̀, kí wọ́n lè rí yín. Bó bá jẹ́ gèlè pupa ló wà nítòsí, ẹ so ó.